Ihò Aboyún Lára Odi Sakété

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí bá mi lójú ọ̀nà, bí mo ṣe ń ti matẹnité, ilé ìgbẹ̀bí, bọ̀ ní Pobẹ̀. Kò tíì rọ̀ dáadáa. Ó kàn ń ta tóótòòtó sórí eruku pupa, ni òórùn ilẹ̀ bá dìde, itọ́ sì kún mi lẹ́nu bí ẹni tí wọ́n la ọsàn níwájú rẹ̀. Mo dúró sábẹ́ ọ̀pẹ. Fẹ̀yí, ọmọ mi obìnrin tó di ìró mi mú, gbójú sókè wò mí.

"Màmá, kí lẹ ń jẹ?"

Mi ò jẹ nǹkan kan. Òórùn ni mo ń gbé mì.

Oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú mi. Agbẹ̀bí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ti fa ìpéǹpéjú mi sílẹ̀ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi kò tó, ó wá bi mí láìwo ojú mi pé, "Ṣé ẹ kì í jẹ ilẹ̀?" Mo ní rárá o. Irọ́ ni mo pa. Mo jẹ díẹ̀ nígbà oyún Fẹ̀yí, èyí funfun tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá tà lọ́jà, ṣùgbọ́n kò ṣe mí ní nǹkan kan lẹ́nu. Ẹni tó bá ti tọ́ ilẹ̀ odi Sakété wò rí, ilẹ̀ ibòmíràn á dà bí eérú lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń lọ sí kólẹ́ẹ̀jì nísinsìnyí, mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ wá gbọ́. Èmi náà kò tíì darúgbó. Àwọn àgbà tó yẹ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín wà láyé, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ kó tó dà rú mọ́ mi lórí ju bó ṣe wà yìí lọ.

Ní Sakété ni wọ́n bí mi. Ẹ̀yìn agbo ilé wa ni ìyókù odi ìlú wà, odi alámọ̀ tí àwọn baba ńlá wa mọ yí ìlú ká nígbà ogun Dànhọ̀mẹ̀, pẹ̀lú yàrà jíjìn lóde rẹ̀ tí ọ̀tá á kọ́kọ́ já sí kó tó fi ọwọ́ kan ara odi. Nígbà tí mo gbọ́njú, yàrà ti kún dé ìdajì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ló ń hù nínú rẹ̀, adìẹ sì ń yé ẹyin síbẹ̀. Ogun ti parí, kò sẹ́ni tó sọ fún odi. Ó ṣì dúró síbẹ̀ tó kọjú sí ọ̀nà Takon bí arúgbó tó ń retí àlejò, òbúkọ Bàbá Ńlá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń sùn sábẹ́ òjìji rẹ̀, ìyá mi ń sá aṣọ sórí rẹ̀.

Gígùn ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ilé mẹ́ta lọ. Gíga rẹ̀ ni kí ẹ má bi mí. Lójú mi nígbà náà, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, alángbá tó bá wà lórí rẹ̀ á kéré bí èèrà. Ṣùgbọ́n kùkùté tó kù níbẹ̀ lónìí, àyà mi ló mọ, àwọn tó sì dàgbà níbẹ̀ ní bó ṣe ga náà nìyẹn láti ìgbà tí àwọn ti mọ̀ ọ́n. Èwo ni kí n gbà gbọ́, ojú ọmọ ọdún mẹ́jọ àbí ojú abiyamọ? Ìgbà mìíràn mo máa ń rò pé odi méjì ló wà níbẹ̀.

Lápá inú odi, ihò kan wà tó fẹ̀ tó igbá olómi. Ó rí róbótó, inú rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á. Ihò Aboyún ni wọ́n ń pè é. Obìnrin ilé wa tó bá lóyún, ibẹ̀ ló ti ń fi ìkarahun ìgbín ha ilẹ̀. Á yan án lórí àpáàdì títí òórùn òjò àkọ́rọ̀ á fi gba inú ilé, á wá máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n ní ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ àwọn baba ti tẹ̀ rí, ó ń mú kí egungun ọmọ gbó. Àwọn ọkùnrin mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Kì í ṣe jíjẹ lásán o. Aboyún fúnra rẹ̀ ni kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha á. Èèwọ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ha ẹsẹ̀ odi. Bó bá sì bímọ, kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ó gbọ́dọ̀ bu amọ̀ nínú yàrà, kó pò ó, kó fi dí ìwọ̀n ohun tó jẹ. Ìyá mi máa ń na ìka sí ojú ibì kan tó pupa ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, á ní, "Ìwọ nìyẹn." Mo ní àbúrò méjì tí wọ́n wà lára odi yẹn pẹ̀lú mi, a sì máa ń jà lórí ẹni tí ojú tirẹ̀ fẹ̀ jù. Odi tí ogun kò rí wó, aboyún ń jẹ ẹ́, abiyamọ ń tún un mọ, ló fi wà títí di ìgbà tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi nígbà náà ni Múínà. Ìlaró, lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà, ni bàbá rẹ̀ ti kó wọn wá. Oníbíríkì ni, ó ń wa ilẹ̀ pupa nínú yàrà, ó ń fi mọ bíríkì fún àwọn tó ń kọ́lé, wọ́n sì gba yàrá méjì nínú agbo ilé wa. Múínà dúdú, ó gùn, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká. Bí a bá ń ta òkòtó, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka tirẹ̀, èmi ń fi Faransé ka tèmi, nítorí náà kò sí ọjọ́ kan tí a mọ ẹni tó jẹ. Àwa méjèèjì la máa ń jẹ.

Ẹnì kejì tí mo gbọ́dọ̀ fi hàn yín ni ìyàwó àbúrò bàbá mi. Nínú agbo ilé wa, orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe obìnrin: Ìyá Lágbájá, Ìyá Tàmẹ̀dò. Òun kò ní ọmọ tí wọ́n lè fi pè é, àwa ọmọdé wá ń pè é ní Tàntí. Ó ní kí n má kọ orúkọ rẹ̀ síhìn-ín, mi ò ní kọ ọ́. Ó ti lóyún lẹ́ẹ̀mejì, oyún náà kò dúró. Èyí kò yé mi nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó máa ń fún wa ní epo tó ṣẹ́kù nídìí ìkòkò kí a fi jẹ gàrí, àti pé bó bá ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ilé ìwé, Tàntí ju ọwọ́ sí èmi àti Múínà láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ẹ lọ bá mi ha ilẹ̀ díẹ̀ wá lára odi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní eré lẹ ń ṣe."

Eré la sì ń ṣe ní tiwa. Ó fún wa ní ìkarahun ìgbín kọ̀ọ̀kan, a sì ń lọ lójoojúmọ́. Ọwọ́ wa kò tó Ihò Aboyún, ìyẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ibi tí àwọn obìnrin ti ń dúró ha á ga jù fún wa. A wá kúnlẹ̀, a ń ha ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ wa dé, ní ẹsẹ̀ odi gan-an. Ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ èèwọ̀ yẹn fún mi nígbà náà, tí mo gbàgbé ni? Àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo tó gbọ́? Mo ti rò ó títí. Nígbà tí mo bá fẹ́ dá ara mi láre, mo máa ń rántí pé wọn ò sọ ọ́. Nígbà tí inú mi bá bàjẹ́, mo máa ń gbọ́ ohùn ìyá mi kedere tó ń sọ ọ́.

Tàntí á yan ilẹ̀ náà, á fún wa ní àfọ́kù rẹ̀ jẹ.

"Ògiri ilé wa ní Ìlaró ò dùn tó báyìí," ni Múínà wí lọ́jọ́ kan, ó ń lá ìka.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń jẹ ilé yín ni?"

"Ẹ̀yìn ilé nìkan. Kí àlejò má baà rí i."

Bóyá oṣù kan la fi ṣe é, bóyá mẹ́ta. Ihò tiwa fẹ̀ títí orí wa méjèèjì fi ń wọ̀ ọ́. A máa ń ki orí bọ inú rẹ̀, a ó máa sọ̀rọ̀, ohùn wa á dún bí ohùn àgbàlagbà, inú rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ìkòkò tuntun. Mi ò tíì rí ibi tó tó ibẹ̀ láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn náà ni òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, tí oòrùn yọ, tí gbogbo wa jáde wá yá oòrùn, a gbọ́ ìró kan bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà jíjìn. Odi ti wó. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àfi òbúkọ Bàbá Ńlá tó wà nídìí òjìji rẹ̀.

Bàbá Ńlá ni baálé ilé wa. Ó wo amọ̀ tó dà sílẹ̀, ó wo ìwo òbúkọ rẹ̀ tó yọ síta lára ẹrẹ̀, ó wá wo ṣọ́bìrì tó dúró gbọnrangandan nínú yàrà. Gbogbo ojú bá yí sí bàbá Múínà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin yẹn ń wí, ó ti dọ̀bálẹ̀, "ibi tí mo ti ń wa ilẹ̀ jìnnà sí ẹsẹ̀ odi. Ẹ wá wò ó."

"Àlejò kì í mọ ohun tí ilé fi ń dúró," ni Bàbá Ńlá dáhùn. Ó ní kí ọkùnrin náà àti àwọn ará ilé rẹ̀ kó ẹrù wọn kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé.

Mo wà níbẹ̀. Ìkarahun ìgbín wà lọ́wọ́ mi lẹ́yìn. Tàntí dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó di ikùn mú, ó ń wò mí. Múínà náà ń wò mí. Mo rò pé á sọ ọ́. Ó ju ìkarahun tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Kò sọ ọ́. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó ń bò mí ni, àbí ó ń bínú sí mi, àbí ó kàn tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gun ọkọ̀ ẹrù lọ. Ó jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ alùbọ́sà, kò juwọ́ sí mi. Tàntí sùn sínú yàrá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n ní ibà ni.

Ní tèmi, mo rò pé mo ti ṣí ìlú sílẹ̀ fún ogun. Odi kò sí mọ́, kí ló kù tó ń dá Dànhọ̀mẹ̀ dúró? Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń jókòó sórí amọ̀ tó wó, mo ń ṣọ́ ọ̀nà Takon. Lọ́jọ́ kan mo rí eruku ńlá tó ń bọ̀, mo sáré wọ agbo ilé, mo ń kígbe pé wọ́n ti dé. Àwọn ọlọ́kadà tó gbé ìyàwó ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Tàntí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Èyí ni mo gbé sínú títí mo fi dàgbà, títí mo fi lọ́kọ sí Pobẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí ló wá gbé mi dìde. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo mú Fẹ̀yí, a gun mọ́tò lọ sí Sakété. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mo fẹ́ lọ ha díẹ̀ lára kùkùté tó kù.

Mo bá ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ Bàbá Ńlá, ó di káyé, ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, mú. Mérí, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ló rán an. Wọ́n fẹ́ gbé pátákó síbẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá lè ka ìtàn odi. Bàbá Ńlá ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ kí i, ó ń wí lọ́wọ́ pé, "Ará Ìlaró kan, oníbíríkì, òun ló wó o." Ọmọ náà ń kọ ọ́.

Mo la ẹnu. Pátákó! Bí àwọn ọmọ Múínà bá kọjá níbẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n kà á? Mo dìde, mo lọ bá Tàntí nídìí gbágùúdá tó ń bó.

"Kú àbọ̀, ọmọ mi. Wo ikùn!"

Mo sọ ohun tí wọ́n ń kọ fún un. Mo ní, "Tàntí, àwa ni. Èmi àti Múínà la ha á tó fi wó."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ rò pé ìwọ nìkan lo mọ̀? Ta ló rán yín?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kí ló dé tí mi ò fúnra mi lọ?"

Mo jókòó tì í.

"Ìtìjú ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ha á jẹ tí mi ò rí ọmọ fi dí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n tún máa ka oṣù mọ́ mi lára." Ó bó ẹyọ gbágùúdá kan tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Lọ́jọ́ tó wó, bí mo bá ní èmi ni, wọ́n á ní obìnrin tí kò bímọ ti jẹ odi ìlú tán. Ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀. Àlejò ni, ó ní ṣọ́bìrì. Mo dákẹ́. Oyún náà sì bá wọn lọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn."

Ó ṣan ọwọ́, ó tún gèlè wé, ó dìde. Mo tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn dúró ná."

"Ìyàwó, ọ̀rọ̀ odi là ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gàrí."

"Ọ̀rọ̀ odi ni mo bá wá. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Ọmọ mérí gbójú sókè. "Ẹ jẹ kí ni, Màmá?"

Mo ní àwa ọmọdé la bá wọn ha á. Bàbá Ńlá rẹ́rìn-ín. "Ìkarahun ìgbín? Odi tí Dànhọ̀mẹ̀ ò rí wó?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé òpin. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá wo ilẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn sọ fún mi," ni ó wí. "Nígbà tó wá dágbére. Ó ní, 'Bàbá, ẹ lọ wo inú, inú ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ.' Mi ò lọ wò ó."

Ọmọ mérí ní, "Kí ni kí n wá kọ báyìí?" Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kó kọ ọ́ pé òjò ni. Tàntí ní òjò kọ́. Ọmọ náà fi bírò fagi lé ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀, ó pa káyé dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tàntí sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, ó bu amọ̀. Fẹ̀yí fi ẹsẹ̀ pò ó, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Bàbá Ńlá ní kí wọ́n gbé àga fún èmi aboyún. Tàntí mú amọ̀ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kùkùté odi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni ń fi epo pa ọmọ lára. Òfin ní ẹni tó bá bímọ ló ń dí i. Kò sẹ́ni tó rán an létí.

Nígbà tí a ṣe tán, mo rí Bàbá Ńlá tó ń fi ọ̀pá rọra bọ̀. Ó yí lọ sápá inú. Ní etí kùkùté náà, ìdajì ihò tiwa ṣì wà níbẹ̀, ojú ìkarahun ṣì hàn lára rẹ̀ wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè.

Wọ́n ti gbé pátákó náà síbẹ̀ báyìí. Ẹ lè lọ kà á. Ó sọ ẹni tó mọ odi, ó sọ ibi tí wọ́n ti wa ilẹ̀ rẹ̀, kò sọ ẹni tó wó o. Àwọn aboyún ń ra ilẹ̀ inú ọ̀rá báyìí, wọn kì í dí nǹkan kan padà. Èmi ti padà lọ jẹ́wọ́ fún agbẹ̀bí, ó fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó bá mi wí gan-an, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òórùn nìkan ló kù tí mo ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má bi mí bóyá àwa la wó odi, àbí òjò, àbí ṣọ́bìrì bàbá Múínà náà ní ọwọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìta. Bí mo bá sún mọ́ ìdáhùn kan, èkejì á fà mí láṣọ.

Mo ti rán ọ̀rọ̀ lọ sí Ìlaró lẹ́nu obìnrin kan tó ń ta alùbọ́sà lọ́jà wa. Kò tíì rí wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ Múínà kan níbẹ̀, tó dúdú, tó gùn, ẹ sọ fún un pé ìkarahun tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi, àti pé ìdajì ihò tiwa wà níbẹ̀ tí a kò tíì dí. Bí bàbá rẹ̀ bá sì wà láyé, ẹ bá mi sọ fún un pé Bàbá Ńlá ti lọ wo inú.